Iná Abẹ́ Ẹsẹ̀: Ìtàn Kámẹ́rà Tó Ń Rí Ooru àti Àìsàn Ìtọ̀ Ṣúgà

  Ẹ̀kọ́ ìlera tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́, kí ó pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kó wá kà á sí i létí.

Ṣé ẹ rántí ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà? Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí báńkì tí ẹ fẹ́ wọ̀ tí wọn kò ní na nǹkan bí ìbọn kékeré sí yín níwájú orí. Ẹ̀rọ náà kò kàn yín lára, kò gún yín, síbẹ̀ ó ń sọ bí ara yín ṣe gbóná tó. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń lọ láàárín àwọn ìyá. Ní ìpàdé wa kan, màmá kan tó ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí láti ọdún mélòó kan na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Orí ìka rẹ̀ ti le nítorí abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kámẹ́rà kan wà báyìí tó ń wo ara láì gún èèyàn, pé ó ń rí ṣúgà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n ju abẹ́rẹ́ yìí nù?"

N kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan dá màmá lóhùn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ewu sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ewu mọ́ òótọ́ lè pàdánù ẹsẹ̀, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí. Ẹni tó bá da òótọ́ nù pẹ̀lú ewu, òun náà lè pàdánù ẹsẹ̀. Ìtàn ni yóò bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ àìsàn náà.

*Bí wọ́n ṣe ń wá ṣúgà*

Àtọ̀gbẹ ni àwọn àgbà wa ń pè é. Ẹ tú orúkọ náà wò: ẹni náà ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Nínú orúkọ nìkan ẹ ti rí àmì méjì, ìtọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró àti ara tó ń rù. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Aretaeus, ará Kapadókíà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ni ẹran ara aláìsàn yìí ń yọ́ di ìtọ̀. Òun àti àwọn baba wa kò pàdé rí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n rí.

Ní ilẹ̀ India, àwọn oníṣègùn àtijọ́ ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí aláìsàn náà bá tọ̀ sí. Wọ́n wá ń pe àìsàn náà ní ìtọ̀ oyin. Àwọn àgbà tiwa náà mọ ọ̀rọ̀ èèrà yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ láti kékeré.

Ní ọdún 1674, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Willis, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí dùn bí oyin. Báwo ló ṣe mọ̀? Ó tọ́ ọ wò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà nìyẹn. Nígbà tó di 1776, Matthew Dobson, dókítà kan ní ìlú Liverpool, gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò dùn bíi ṣúgà. Ó tún tọ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà wò, ìyẹn náà dùn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti yí padà: ṣúgà inú ìtọ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ṣàn wá.

Ní 1889, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Jámánì, Minkowski àti von Mering, yọ ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní pancreas, tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, kúrò nínú ajá. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣúgà. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n tọ̀ títí wọ́n fi rí ínsúlìn ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ní 1921. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọdékùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn. Ẹni tó ti ń kú lọ padà wá sí ayé.

Nígbà tí oògùn ti wà, ó di dandan kí wọ́n máa wọn ṣúgà lóòrèkóòrè. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì láàárín wa lè rántí omi aláwọ̀ búlúù kan tí Stanley Benedict, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n á kán ìtọ̀ sí i, wọ́n á gbé e kaná. Bí ṣúgà bá wà, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí ewé, sí òféfèé, títí dé pupa bíi bíríkì. Lẹ́yìn náà ni bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí dé ní 1965, ẹ̀rọ tó ń ka bébà náà sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1970. Ọmọ ọmọ ẹ̀rọ yẹn ni èyí tí ẹ ń lò nílé lónìí.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan nínú gbogbo ìtàn yìí. Láti orí èèrà títí dé orí abẹ́rẹ́ ìka, kò sẹ́ni tó mọ ṣúgà láì jẹ́ pé ó dé ibi tí ṣúgà gan-an wà. Kódà èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá lóde òní, tó ń ka ṣúgà tọ̀sán-tòru, ó ní irun tín-ín-rín kan tó wọ abẹ́ awọ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

*Bí wọ́n ṣe ń wá ooru*

Ọ̀nà kejì ni ti ooru. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń sunkún lóru, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ìyá ń gbé lé e lọ́rùn. Nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè mọ́ orúkọ Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì, ní ohun tó ju 2,300 ọdún lọ sẹ́yìn, wọ́n máa ń fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi amọ̀ bo ara aláìsàn. Ibi tí amọ̀ bá ti kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé àìsàn wà.

Ní ilẹ̀ Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1600 sí iwájú, Santorio fi ìlà wíwọ̀n sí ara gíláàsì kan kó lè mọ bí ara èèyàn ṣe gbóná tó. Ní 1868, Wunderlich, dókítà kan ní ìlú Leipzig ní Jámánì, gbé ìwé kan jáde lẹ́yìn tó ti wọn ìgbóná ara aláìsàn bí 25,000. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ti gba dígírì 37 tí gbogbo ayé mọ̀. Ohun tó tún fi kọ́ wa ju iye náà lọ: ó ní ibà kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì àìsàn ni. Ooru dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mọ ẹni náà.

Ta ló wá kọ́kọ́ rí i pé ìtànṣán ooru tí ojú kò lè rí wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn? William Herschel ni, ẹni tó máa ń wo ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1800, ó jẹ́ kí oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, ìmọ́lẹ̀ sì pín sí àwọ̀ òṣùmàrè lórí tábìlì. Ó gbé tẹmómítà sábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé e kọjá pupa, síbi tí ojú kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́, ṣe ni tẹmómítà tún gòkè sí i. Ìtànṣán ooru ló bá pàdé níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní infrared. Ní 1840, John, ọmọ rẹ̀, fi bébà tó kùn ní èédú tó sì rẹ sínú ọtí líle, ya àwòrán tí ooru nìkan yà. Ibi tó gbóná tètè gbẹ, àwòrán sì hàn. Ọgbọ́n amọ̀ ará Gíríìsì náà ni, ó kàn gba ọ̀nà tuntun yọ ni.

Ọ̀rọ̀ ogun ló sọ ọ́ di kámẹ́rà. Nínú ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọmọ ogun fẹ́ máa rí ọ̀tá nínú òkùnkùn, wọ́n sì náwó sí i. Nígbà tí kámẹ́rà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà, ọmú obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ. Ní 1956, Ray Lawson, dókítà kan ní ìlú Montréal ní Kánádà, sọ pé awọ tó bo jẹjẹrẹ ọmú máa ń gbóná ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdùnnú ńlá lèyí jẹ́: kò sí ìrora, kò sí ìtànṣán tó lè ṣe ara níbi. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá láti ṣàyẹ̀wò ọmú àwọn obìnrin ní 1973, wọ́n kó kámẹ́rà ooru mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Jẹjẹrẹ tó ń fo kámẹ́rà náà dá pọ̀ jù. Títí di òní ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kámẹ́rà ooru kò lè rọ́pò mammogram, ìyẹn àwòrán ọmú tí wọ́n ń yà nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yín gan-an rèé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kámẹ́rà aláwọ̀ mèremère wá sí ìpàdé pé ó tó fún àyẹ̀wò ọmú, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti dán an wò kí á tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín.

*Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé*

Ọkùnrin tó mú ooru àti ìtọ̀ ṣúgà pàdé kì í ṣe dókítà ìtọ̀ ṣúgà rárá. Dókítà ẹ̀tẹ̀ ni.

India ni wọ́n bí Paul Brand sí ní 1914, sínú ilé òyìnbó ajíyìnrere. Ó padà lọ síbẹ̀ ní 1946 gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ, ní ìlú Vellore. Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn gbà pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka àti ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn. Brand kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó sọ ìtàn ọjọ́ kan tí òun ń bá kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà jà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí kò ṣí. Ọmọdékùnrin kan tó ní ẹ̀tẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Brand wolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló rí. Kọ́kọ́rọ́ ti gé ìka ọmọ náà dé eegun, ọmọ náà kò sì mọ̀. Kò dùn ún.

Ohun tí ẹ̀tẹ̀ pa nìyẹn: iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora. Lẹ́yìn tí iṣan yẹn bá ti kú, ìṣó inú bàtà, ìkòkò gbígbóná àti òkúta ojú ọ̀nà ni wọ́n ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrora tí gbogbo wa kórìíra, ṣé ẹ rí i, olùṣọ́ ni.

Ní 1966, Brand kó lọ sí ilé ìwòsàn àwọn adẹ́tẹ̀ tó wà ní Carville, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé egbò kì í ṣe ti ìṣó àti iná nìkan. Rírìn lásán ń fà á. Ẹni tí ara rẹ̀ pé, bí bàtà bá ń fún un, á tiro, á sinmi, á bọ́ bàtà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára á máa tẹ ojú kan náà mọ́lẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́. Brand máa ń fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn aláìsàn láti wá ibi tó gbóná. Lẹ́yìn náà ó gbé kámẹ́rà ooru dé, àwòrán sì fi hàn án pé ibi tó ń gbóná lónìí ni egbò yóò là lọ́la. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ èyí jáde nínú ìwé àwọn dókítà ní 1975.

Kí ló kan ìtọ̀ ṣúgà? Ṣúgà tó bá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn iṣan wọ̀nyẹn jẹ́, pàápàá ti ẹsẹ̀. Aláìsàn á sọ pé ẹsẹ̀ òun ń ta, pé ó ń jó òun bí ata, pé ó dà bí ẹni tó ń tẹ òwú. Lẹ́yìn náà, kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Ẹsẹ̀ tí Brand rí lára adẹ́tẹ̀ ló tún rí lára onítọ̀ ṣúgà.

*Kí egbò tó là*

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí bàtà bá ń ha ibì kan, tàbí tí eegun bá ń tẹ awọ mọ́lẹ̀, ẹran abẹ́ awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti inú. Ara á rán ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ síbẹ̀ láti tún un ṣe, ẹ̀jẹ̀ yẹn á sì mú ojú ibẹ̀ gbóná. Lójú, awọ ṣì dán. Ṣùgbọ́n iná ti ń jó lábẹ́. Òkèèrè ni olójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Ooru yìí ló ń fún wa láyè láti tètè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn dókítà ẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lára wọn ni Lawrence Lavery àti David Armstrong, fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí nílé. Wọn kò tilẹ̀ fún wọn ní kámẹ́rà, tẹmómítà awọ lásán ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2007, onítọ̀ ṣúgà 173 tí egbò ti là lẹ́sẹ̀ wọn rí ló kópa. Àwọn kan ń wọn ojú mẹ́fà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Bí ojú kan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún bá fi dígírì 2.2 gbóná ju ojú kan náà lẹ́sẹ̀ òsì lọ, wọn á dín ìrìn kù, wọn á sì pe nọ́ọ̀sì. Láàárín oṣù 15, nǹkan bí 9 nínú 100 àwọn tó lo tẹmómítà ni egbò tún là lẹ́sẹ̀ wọn. Láàárín àwọn tí kò lò ó, ó lé ní 29 nínú 100. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà, nítorí òótọ́ kì í gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n tún dán an wò lára èèyàn 304, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2021. Lápapọ̀, ó ṣòro láti sọ pé wíwọn ooru nìkan dín egbò kù. Àwọn tó jèrè rẹ̀ gidi ni àwọn tó dín ìrìn wọn kù nígbà tí wọ́n rí ibi tó gbóná. Ẹni tó rí iná tó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, kí ni àǹfààní rírí?

*Ṣé kámẹ́rà wá lè sọ pé ẹnìkan ní ìtọ̀ ṣúgà?*

Ìbéèrè màmá rèé. Àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú rẹ̀. Ní Mexico, àwọn olùwádìí kó àwòrán ooru àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà 122 àti ti èèyàn 45 tí kò ní in jọ, wọ́n sì gbé e síta ní 2019 kí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè máa fi kọ́ ẹ̀rọ. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, níbi tó kò wọnú, ló máa ń gbóná jù. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwòrán náà á dà bí ìyẹ́ labalábá. Lára ọ̀pọ̀ onítọ̀ ṣúgà, labalábá yẹn máa ń dàrú. Ìmọ̀ tó dára ni, ó sì lè wúlò fún dókítà.

Ṣùgbọ́n ooru ni kámẹ́rà ń rí. Kò rí ṣúgà. Oòrùn tí ẹ rìn wá nínú rẹ̀ lè mú ẹsẹ̀ gbóná. Ibà, bàtà, ìrìn ọjà, ooru tó máa ń bo obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù bá ń dáwọ́ dúró, gbogbo wọn ló ń yí àwòrán padà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga lè ní labalábá tó pé pérépéré lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí iṣan rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká tètè rí. Bí kámẹ́rà bá sọ fún un pé kò sí nǹkan, ó lè lo ọdún mélòó kan láì tọ́jú ara rẹ̀.

Ìtàn ọmú ló fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA kìlọ̀ pé òun kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó sọ pé òun ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láì gún awọ. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ pinnu iye oògùn tí òun máa lò lè ṣi oògùn lò, kí ṣúgà rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì. Ìyẹn lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan.

*Ohun tí ẹ máa ṣe*

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ẹ ní in: ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé nǹkan bí 6 nínú 100 ló ní àìsàn yìí. Nínú ẹgbẹ́ tó ní èèyàn 50, ẹni mẹ́ta nìyẹn. Bí ẹ kò bá tíì jẹun láàárọ̀, tí ṣúgà yín sì jẹ́ 126 sókè (7.0 lórí ẹ̀rọ míì), dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́, á sì tún un ṣe kó lè dájú. Láti 100 sí 125, ìkìlọ̀ nìyẹn. Àyẹ̀wò míì tún wà tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, HbA1c ni wọ́n ń pè é, 6.5 sókè ni ti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní in, ẹni tó sanra níkùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ìyá tí ṣúgà rẹ̀ ga nígbà oyún, kí wọ́n má jáfara.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ pé ẹ ní in: ẹ má ju abẹ́rẹ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀kọ́ Brand, owó kò sí nínú rẹ̀.

1. Láàárọ̀, kí ẹ tó rìn káàkiri, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì: gìgísẹ̀, àárín, ìdí ọmọ ìka, orí ọmọ ìka. Ojú kan náà ní ọ̀tún àti ní òsì ni kí ẹ fi wé ara wọn.

2. Bí ọwọ́ yín náà kò bá mọ nǹkan lára dáadáa mọ́, ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kó bá yín ṣe é. Ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré, nítorí náà kí ojú náà wò ó: ṣé ó pọ́n, ṣé ó wú, ṣé awọ ti le sójú kan, ṣé ó ti sán?

3. Bí ojú kan bá gbóná ju èkejì lọ, ẹ bọ́ bàtà yẹn, ẹ jókòó, ẹ dín ìrìn kù. Bó bá di ọjọ́ kejì tí kò sì rọlẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

4. Bí ẹsẹ̀ kan lódindi bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí kò sì dùn yín, ẹ má sọ pé kò le. Eegun inú rẹ̀ lè ti máa fọ́. Ẹ má fi róòbù fà á, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

5. Ẹsẹ̀ tó tutù nini ju èkejì lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, ewu ni òun náà. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé ibẹ̀ mọ́.

6. Ẹ gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Omi tí ẹ fẹ́ fi wẹ ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì tí ara rẹ̀ pé bá yín tọ́ ọ wò.

Bí ilé ìwòsàn kan bá ní kámẹ́rà ooru tí wọ́n sì fẹ́ fi wo ẹsẹ̀ yín, ẹ gbà fún wọn, àǹfààní ni. Ẹ kàn béèrè pé, "Kí ni ẹ fẹ́ fi wá?" Bí wọ́n bá ní ibi tí egbò fẹ́ ti là ni, ẹ na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ṣúgà ni, ẹ na ìka sí wọn, ẹ ní kí wọ́n gún un.

Ohun tí mo sọ fún màmá nìyẹn. Ó wo orí ìka rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, abẹ́rẹ́ fún ṣúgà, ọwọ́ fún ẹsẹ̀." Mo ní, "Ẹ ti gbà á tán, Mà." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a pa ẹsẹ̀ láràárọ̀ báyìí, kí ó tó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ míì, ẹ sì kà á sókè nípàdé fún àwọn tí kò ní fóònù. Ìlera lọrọ̀. Ẹsẹ̀ wa kò ní di àwátì o. Àṣẹ.